Sáà Kejì: Ìkéde Kékeré Lórí Àga Alága CQC

Ìkéde náà kì í gùn. Ìpínrọ̀ méjì, bó pọ̀ tán mẹ́ta, lórí ìkànnì ìjọba ní London: mínísítà ètò ìlera ti tún Lágbájá yàn gẹ́gẹ́ bí alága àjọ tó ń mójú tó ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ọjọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ nìyí, ọjọ́ tí yóò parí nìyí, iye tí wọn yóò máa san fún un nìyí, kò sì ṣe òṣèlú kankan láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ó tán. Kò sí oníròyìn tí yóò gbé kámẹ́rà sáré nítorí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ yan ẹni náà, iwájú àwọn aṣòfin ló jókòó sí, wọ́n ń da ìbéèrè bò ó, ẹni tó bá wù sì lè wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà sórí àga, lẹ́tà lásán ti tó.

Lójú tèmi, òdìkejì rẹ̀ ló yẹ kó rí. Ẹni tí wọ́n ń yàn fún ìgbà àkọ́kọ́ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìlérí nìkan ló gbé wá. Ẹni tó fẹ́ gba sáà kejì ti ní iṣẹ́ nílẹ̀ tí a lè bi í. Ilé ìwòsàn wo ni àjọ rẹ̀ pè ní dáadáa tí kò dára? Ta ló wá fẹjọ́ sùn tí wọn kò gbọ́ tirẹ̀? Ìgbà wo ló sọ òótọ́ fún mínísítà tí inú mínísítà kò dùn sí i? Ìbéèrè kẹta yẹn ló le jù, torí mínísítà yẹn gan-an ni yóò fọwọ́ sí lẹ́tà sáà kejì.

Àwa tí a ní ẹbí ní ìlú ọba mọ CQC bí ìyàwó tuntun ṣe ń mọ ohùn ìyá ọkọ. Care Quality Commission ni lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún. Láti Peckham dé Manchester, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń jẹun nínú iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba ibẹ̀ fi iṣẹ́ kẹ́ẹ̀rà kún àwọn iṣẹ́ tí wọ́n lè torí rẹ̀ fún àjèjì ní físà, ni tíṣà Ìbàdàn, akọ̀wé báǹkì Èkó àti nọ́ọ̀sì Òṣogbo bá di ẹrù wọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, iléeṣẹ́ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CQC kò lè mú kẹ́ẹ̀rà láti òkè òkun wọ England mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tuntun pátápátá. Àwọn tó ti wọlé ṣì ń ṣe ṣíìfù wọn, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti di oníléeṣẹ́. Níbi ìkómọ o, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú o, bí àwọn méjì nínú wọn bá ti pàdé, kì í pẹ́ tí wàá fi gbọ́ ọ: CQC ń bọ̀.

Ilé ìtọ́jú arúgbó kì í sábà mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Oníbẹ̀wò á kàn tẹ aago ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, á fi káàdì hàn, á kọ orúkọ sínú ìwé àlejò. Kì í pẹ́ tí yóò fi béèrè ìwé òògùn, èyí tí gbogbo kẹ́ẹ̀rà ń pè ní MAR chart. Àpótí kékeré wà nínú rẹ̀ fún wákàtí òògùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fún arúgbó lóògùn ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sínú àpótí náà. Bí àpótí aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ṣófo, ọ̀rọ̀ ti dé. Ṣé wọn kò fún màmá lóògùn ni, àbí wọ́n fún un, tí ẹnì kan gbàgbé láti fọwọ́ sí i? Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ̀bi wà nínú rẹ̀. Yóò wo ìwé àwọn òṣìṣẹ́, bóyá wọ́n ti wádìí pé wọn kò ní ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́rùn. Yóò ka iye àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Lẹ́yìn náà yóò lọ jókòó ti arúgbó kan lẹ́bàá fèrèsé, yóò bi í pé, “Mà, bí ẹ bá tẹ aago, ṣé wọ́n máa ń tètè dá yín lóhùn?”

Ìbéèrè márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ṣé kò séwu níbẹ̀, ṣé ìtọ́jú wọn ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n ní àánú, ṣé wọ́n ń ṣe é bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́, ṣé olórí ibẹ̀ mọ iṣẹ́ olórí. Máàkì mẹ́rin ló wà. Outstanding ló ga jù, Good tẹ̀ lé e, Requires Improvement tẹ̀ lé ìyẹn, Inadequate ló burú jù. Láti 2015 ni òfin ti ní kí wọ́n lẹ máàkì náà síbi tí àlejò yóò ti rí i. Ilé tó bá gba Inadequate, ìjọba ìbílẹ̀ lè má rán arúgbó síbẹ̀ mọ́, oníléeṣẹ́ sì mọ ohun tí yàrá òfìfo ń ṣe fún owó oṣù òṣìṣẹ́.

Alága CQC kì í tẹ aago ẹnu ọ̀nà kankan. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni tirẹ̀. Òun ló ń darí ìgbìmọ̀ àjọ náà, ìgbìmọ̀ yẹn ló sì ń gba ọ̀gá àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bí ọ̀gá àgbà bá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, alága ló yẹ kó kọ́kọ́ fura. Bí ilé iṣẹ́ mínísítà bá ń fẹ́ kí ìròyìn burúkú kan ṣe sùúrù díẹ̀, alága ló yẹ kó sọ pé kò ní ṣe sùúrù. Àmọ́ òfin 2008 tó dá àjọ náà sílẹ̀ fi yíyan alága, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, lé mínísítà lọ́wọ́. Mínísítà kan náà ló ń dáhùn fún ilé ìwòsàn ìjọba níwájú aráàlú. Ẹni tí ìròyìn àjọ náà lè kó ìtìjú bá ló ń yan ẹni tí yóò darí àjọ náà.

Wọ́n mọ ewu yìí dáadáa níbẹ̀. Ní 1994, lẹ́yìn tí àṣírí tú pé àwọn aṣòfin kan ń gbowó kí wọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀, John Major tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Nolan. Lọ́dún kejì ni ìlànà méje jáde fún ìwà ẹni tó bá di ipò ìlú mú, tí wọ́n sì yan kọmíṣọ́nnà tí yóò máa ṣọ́ bí àwọn mínísítà ṣe ń fi ènìyàn sípò. Ìlànà ìyannisípò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017 sọ ọ̀rọ̀ sáà kejì láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Sáà kejì kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ẹni náà wò kí wọ́n tó tún un yàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì lo ju sáà méjì tàbí ọdún mẹ́wàá lọ lórí àga kan, àfi tí mínísítà bá ní ìdí pàtàkì, tó sì fi tó kọmíṣọ́nnà létí.

Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ mínísítà ló ń yẹ iṣẹ́ alága wò, àbájáde rẹ̀ kì í sì í sábà jáde síta. Ní ti ìjókòó níwájú àwọn aṣòfin, nǹkan bí ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹni tó ń padà bọ̀ kì í sábà rí i. Ìmọ̀ràn lásán sì ni ohun tí àwọn aṣòfin bá sọ níbẹ̀. Mínísítà lè gbà á, ó sì lè jù ú nù.

Ẹ wo Ofsted, àjọ tó ń bẹ ilé-ìwé wò, tó tún ń bẹ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí ìjọba gbà tọ́ wò. Ní 2016, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ nílé aṣòfin ní àwọn kò fọwọ́ sí Amanda Spielman gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àwọn oníbẹ̀wò. Ariwo ta. Nicky Morgan tó jẹ́ mínísítà yàn án bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí ọdún márùn-ún rẹ̀ ń parí lọ sí òpin 2021, wọ́n fi ọdún méjì kún un, ariwo ìyẹn kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Inú ọdún méjì àfikún yẹn ni ìbẹ̀wò Ofsted sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Reading bọ́ sí. Ọ̀gá ilé-ìwé náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù kìíní 2023, ẹni tó wádìí ikú rẹ̀ lábẹ́ òfin sì sọ lópin ọdún náà pé ìbẹ̀wò ọ̀hún lọ́wọ́ nínú ikú náà. N kò sọ pé ìjókòó kan níwájú aṣòfin ì bá gba obìnrin yẹn là. Ohun tí mò ń sọ ni pé àfikún sáà ni àsìkò tó bójú mu jù láti béèrè bí ìbẹ̀wò ṣe ń rí lára àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò.

Ní CQC, àga náà gbóná débi pé sáà kejì ṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2009 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí wọ́n pa àjọ mẹ́ta pọ̀: èyí tó ń wo ilé ìwòsàn, èyí tó ń wo ilé ìtọ́jú, àti èyí tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n dè mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ. Kí ọdún náà tó parí, Barbara Young tó jẹ́ alága àkọ́kọ́ ti kéde pé òun ń lọ. Jo Williams tó gba ipò rẹ̀ ló bá ìjì pàdé.

Ní oṣù karùn-ún 2011, BBC gbé fọ́nrán jáde láti Winterbourne View, ilé ìwòsàn aládàáni kan lẹ́bàá Bristol, tó wà fún àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn kì í tètè gba nǹkan. Kámẹ́rà tí oníròyìn fi pamọ́ sára rí òṣìṣẹ́ tó ń lu aláìsàn, tó ń wọ́ ọ nílẹ̀, tó ń da omi sí i lára taṣọtaṣọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fi tó CQC létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí fọ́nrán náà tó jáde, wọn kò ṣe nǹkan kan sí i. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi lẹ́yìn náà, mẹ́fà nínú wọn sì lọ sẹ́wọ̀n.

Lọ́dún kan náà, Kay Sheldon, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ CQC, lọ síwájú ìwádìí tí ìjọba ń ṣe lórí ikú àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn Stafford. Ó sọ níbẹ̀ ní gbangba pé nǹkan kò lọ déédéé nínú àjọ tí òun fúnra òun jókòó lé, pé àwọn olórí rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ fojú inú wo ìpàdé ìgbìmọ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn. Williams kọ̀wé sí mínísítà, Andrew Lansley, pé kó yọ Sheldon. Wọ́n tún fa ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ obìnrin náà wọ̀ ọ́, ohun tí Williams padà wá tọrọ àforíjì lé lórí. Lansley ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kò sì yọ ọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án 2012, Williams ló ń kọ̀wé fipò sílẹ̀. Cynthia Bower, ọ̀gá àgbà, ti ṣáájú rẹ̀ kéde àtilọ tirẹ̀. Sheldon ṣì wà lórí ìgbìmọ̀ náà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn wọn.

Orí ló kó Sheldon yọ. Bó bá jẹ́ mínísítà tí kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ nílò láti yọ ẹnikẹ́ni, kí ariwo má baà ta. Kó kàn ká ọwọ́ gbera títí sáà yóò fi parí ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sally Morgan ní Ofsted ní 2014 nìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ Labour ni, ó ti bá Tony Blair ṣiṣẹ́ rí, àmọ́ ìjọba tó wà lóde nígbà náà ló fi í jẹ alága ní 2011. Ọdún mẹ́ta pé, Michael Gove tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ yìn ín, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó sì ní òun kò ní tún un yàn, ojú tuntun ni òun ń wá. Morgan jáde lórí rédíò, ó ní àwọn kan ní ọ́fíìsì olórí ìjọba ló ń ti àwọn ẹni tiwọn wọlé sípò. David Laws, igbákejì Gove láti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣèjọba, bínú gidigidi. Ojú tuntun tí wọ́n rí ni David Hoare, tó fipò sílẹ̀ ní 2016 lẹ́yìn tó sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn ará Isle of Wight.

Kí n má ṣègbè, sáà kejì ní àǹfààní tirẹ̀. Lórí àga CQC, lẹ́yìn Williams ni David Prior wọlé ní 2013. Aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative ni tẹ́lẹ̀. Ní 2015 wọ́n fi í jẹ mínísítà kékeré nínú ilé iṣẹ́ ìlera gan-an, àná ló ń ṣọ́ wọn, lónìí ó ti di ọ̀kan nínú wọn. Peter Wyman wá tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní 2016. Òun nìkan ni wọ́n tún yàn nínú gbogbo àwọn alága tó ti fipò náà sílẹ̀ láti 2009 dé ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó sì lo ọdún mẹ́fà. Oníṣirò owó láti iléeṣẹ́ PwC ni. Ian Dilks tó rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2022, PwC lòun náà ti wá. Ó jọ pé àwọn mínísítà gbà pé ẹni tó mọ ìwé owó yẹ̀ wò ti mọ ilé arúgbó yẹ̀ wò.

Wyman wà lórí àga nígbà tí BBC tún gbé fọ́nrán mìíràn jáde ní oṣù karùn-ún 2019, láti Whorlton Hall ní County Durham. Irú aláìsàn kan náà, irú ìyà kan náà. CQC ti fún ibẹ̀ ní Good ní 2017. Èyí tó burú jù ni pé oníbẹ̀wò CQC kan ti kọ ìròyìn tó le nípa ilé náà ní 2015, ìròyìn yẹn kò sì jáde nígbà náà. Wyman kò sá. Àjọ náà pe àwọn ará ìta wá yẹ ilé wọn wò, wọ́n sì jẹ́ kí aráàlú ka ohun tí wọ́n rí. Alága tí kò tíì mọ ilé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè orúkọ òṣìṣẹ́, ì bá má lè dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà sáà kejì máa ń sọ ọ́ pé ọdún kìíní àti ìkejì, ẹ̀kọ́ ni alága ń kọ́, mo sì gbà fún wọn.

Northern Ireland rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àga ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. RQIA ni àjọ tiwọn ń jẹ́. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ilé iṣẹ́ ìlera dín ìbẹ̀wò sí ilé ìtọ́jú kù, ó sì kó òṣìṣẹ́ àjọ náà lọ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, láìbi ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, gbogbo ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ pátá. Arúgbó ń kú nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn lásìkò náà gan-an.

Ní England, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n ti ń béèrè tipẹ́ ni Dókítà Penny Dash béèrè ní 2024, nígbà tí ìjọba ní kó yẹ CQC wò. Ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní 2019 sún mọ́ 16,000. Ní 2023, kò tó 7,000. Nínú ibi márùn-ún tó wà lábẹ́ wọn, nǹkan bí ọ̀kan kò tíì gba máàkì rí. Ó bá oníbẹ̀wò ilé ìwòsàn tí kò tíì wọ ilé ìwòsàn rí pàdé, ó bá ti ilé arúgbó tí kò tíì rí ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé pàdé. Máàkì ilé ìwòsàn ìjọba kan, oṣù kejì 2014 ni wọ́n ti fún un. Wes Streeting, mínísítà, sọ ọ́ ní oṣù keje ọdún náà pé àjọ náà kò kájú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá àgbà, Ian Trenholm, ti lọ ní oṣù tó ṣáájú. Dilks lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, wọ́n sì gbé Mike Richards dé, dókítà tó ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, tó ti jẹ́ ọ̀gá oníbẹ̀wò ilé ìwòsàn ní CQC rí.

Kì í ṣe òfin tuntun ni wọ́n nílò. Kò sí ohun tó ní kí ìgbìmọ̀ ìlera nílé aṣòfin má pe alága tó fẹ́ gba sáà kejì wá, kó jókòó, kó dáhùn, kí mínísítà tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n pe oníléeṣẹ́ ìtọ́jú kékeré kan wá síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nínú àwọn tí owó ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń san lọ́dọọdún ń gbọ́ bùkátà àjọ náà. Kí wọ́n pe kẹ́ẹ̀rà kan tó fẹjọ́ sùn. Kí wọ́n sì tẹ àbájáde àyẹ̀wò iṣẹ́ alága síta, ó kéré tán ojú ewé kan.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn ni yóò máa dá a béèrè. Ní òpin 2024, wọ́n gbé Julian Hartley wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà CQC, pé kó tún ibẹ̀ ṣe. Láti 2013 dé 2023, òun ló darí àwọn ilé ìwòsàn Leeds, níbi tí àwọn òbí kan ti pàdánù ọmọ tuntun nílé ìgbẹ̀bí. Àwọn òbí yìí kò dákẹ́: báwo ni ẹni tó darí ibẹ̀ ṣe wá ń darí àjọ tó yẹ kó yẹ ibẹ̀ wò? Ní oṣù kẹwàá 2025, Streeting kéde ìwádìí lórí ìgbẹ̀bí ní Leeds. Hartley fipò sílẹ̀ lóṣù kan náà, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀.